Dídá Ìyeyè Ilẹ̀ Mọ̀ Láàárín Àwọn Ìbátan Rẹ̀

Nínú gbogbo ìdílé ewéko tí ó ń tanná láyé, èyí tí ẹ̀yà inú rẹ̀ pọ̀ jù lọ ni Astragalus, nítorí pé iye ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ ti kà mọ́ ọn súnmọ́ 3,000, wọ́n sì tàn káàkiri àwọn ilẹ̀ gbígbẹ ìhà àríwá ayé, láti Tọ́kì àti Ìráànì lọ dé àárín gbùngbùn Éṣíà, títí dé ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Nínú ètò ìsọ̀rí ewéko, ẹ̀yà ni ọ̀wọ́ ewéko tí wọ́n jọra tí wọ́n sì ń bí irú ara wọn. Àwọn ẹ̀yà tí ó tan mọ́ra ni í para pọ̀ di ìdílé, àwọn ìdílé tí ó tan mọ́ra ni í sì para pọ̀ di ẹbí. Ẹbí tí Astragalus wà ni ẹbí tí ẹ̀wà, ẹ̀pà àti òtílí wà. Ibi tí iṣẹ́ ti le fún ẹni tí ó fẹ́ dá wọn mọ̀ ni pé ìjọra wọn pọ̀ ju ìyàtọ̀ wọn lọ: òdòdó ọgọ́rùn-ún nínú wọn lè ní àwọ̀ kan náà àti ìrísí kan náà, ewé wọn lè rí bákan náà, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ṣeé jẹ nígbà tí èkejì ń pa màlúù. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ nípa ìdílé yìí ni ibi tí ó yẹ kí ojú wò lára wọn, nítorí pé àwọ̀ òdòdó, tí gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ wò, ni ẹ̀rí tí ó rọ̀ jù lọ nínú gbogbo ẹ̀rí.

Ẹ̀yà kan wà tí ó dára láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí, òun ni Astragalus crassicarpus, tí Thomas Nuttall fún ní orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọdún 1813. Èso rẹ̀ yí roboto, ó sì tóbi tó èso ìyeyè, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni ó máa ń sùn sí dípò kí ó so rọ̀ sórí igi. Ìdí nìyí tí orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é kò fi jìnnà sí ìyeyè ilẹ̀, orúkọ náà ni a ó sì máa lò fún un níhìn-ín. Ọmọ ilẹ̀ ni ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ti Àríwá: ó wà láti àwọn pápá Alberta, Saskatchewan àti Manitoba ní Kánádà lọ dé Texas àti New Mexico. Kò fẹ́ràn ibi tí omi ń dúró sí. Ilẹ̀ gíga gbígbẹ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí oòrùn ń pa, ilẹ̀ tí òkúta ẹfun wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn òkè erùpẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Iowa, ni ilé rẹ̀.

Kí ènìyàn tó béèrè irú ewéko tí ó wà níwájú rẹ̀, ó dára kí ó kọ́kọ́ béèrè irú ilẹ̀ tí òun dúró lé, nítorí pé ilẹ̀ náà jẹ́ ara ẹ̀rí. Pápá koríko gíga tí ó bo àárín Amẹ́ríkà nígbà kan rí tó 170 mílíọ̀nù éékà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lónìí kò pé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ lọ́ràá, ohun ìtúlẹ̀ sì ti dé ibi gbogbo tí ó lè dé. Ibi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyókù náà wà ni àwọn òkè Flint Hills ní Kansas, níbi tí òkúta líle ti súnmọ́ ojú ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi sọ ọ́ di ibi ìjẹko màlúù dípò oko àgbàdo. Níbẹ̀ ni ibùdó ìwádìí Konza Prairie wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971. Ìyeyè ilẹ̀ kì í sábà padà wá sí ilẹ̀ tí wọ́n bá ti tú. Gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó sì ń wọ ilẹ̀ lọ jìnnà, ọdún púpọ̀ ni ó sì fi ń dàgbà. Nítorí náà, ibi tí ewéko yìí bá pọ̀ sí, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè sọ láìbẹ̀rù pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì rí ohun ìtúlẹ̀ rí, tàbí pé ó ti pẹ́ gidigidi tí ó ti rí i. John Ernest Weaver ti Yunifásítì Nebraska, ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti máa gbẹ́ kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ewéko pápá kí ó lè ya àwòrán gbòǹgbò wọn, ti fi hàn pé apá tí ó tóbi jù lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewéko wọ̀nyí wà lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Ewé ni ó máa ń kọ́kọ́ yọ, ní ìparí Oṣù Kẹta tàbí ní Oṣù Kẹrin, nígbà tí koríko ọdún tó kọjá ṣì gbẹ tí ti ọdún tuntun kò sì tíì ga. Ewé ìyeyè ilẹ̀ kì í ṣe ewé kan ṣoṣo. Ewé wẹ́wẹ́ púpọ̀ ni, tí wọ́n tò ní méjì-méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kan, tí ọ̀kan ṣoṣo sì dá dúró ní orí ọ̀pá náà, tí iye wọn fi máa ń jẹ́ nǹkan bí 15 sí 27. Èyí nìkan ti tó láti mú àwọn afarajọ mẹ́ta kúrò lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni Vicia americana, tí òdòdó rẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n tí orí ọ̀pá ewé rẹ̀ ń parí sí ìtàkùn tín-ínrín tí ó fi ń rọ̀ mọ́ koríko. Baptisia bracteata, tí ó ń tanná ní àsìkò kan náà, ní ewé wẹ́wẹ́ mẹ́ta péré lórí igi ewé kọ̀ọ̀kan. Pediomelum esculentum, tí àwọn ará Lakota ń jẹ gbòǹgbò rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, sábà ní márùn-ún, gbogbo wọn sì ń yọ láti ojú kan ṣoṣo bí ìka ọwọ́. Ẹni tí ó bá ti ka ewé wẹ́wẹ́ dáadáa kò ní í pẹ́ lórí àwọn mẹ́ta yìí.

Òdòdó ni ó nílò sùúrù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti tẹjú mọ́ òdòdó ẹ̀wà lóko nílẹ̀ Yorùbá rí ti mọ bí òdòdó Astragalus ṣe rí, nítorí pé ètò kan náà ni ẹbí wọn ń tẹ̀ lé. Abala márùn-ún ni ó ní: ọ̀kan tí ó tóbi jù tí ó dìde sókè, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àsíá, méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n ń pè ní ìyẹ́, àti méjì ìsàlẹ̀ tí etí wọn lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n fi dà bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń pè ní ọkọ̀. Inú ọkọ̀ yìí ni fọ́nrán akọ mẹ́wàá fi ara pamọ́ sí, tí mẹ́sàn-án nínú wọn lẹ̀ pọ̀ tí ẹ̀kẹwàá sì dá wà. Nígbà tí oyin ńlá onírun bá bà lé ìyẹ́, ìwọ̀n ara rẹ̀ á tẹ ọkọ̀ náà sísàlẹ̀, fọ́nrán á yọ síta, lẹ́búlẹ́bú tí ó wà lórí wọn á sì lẹ̀ mọ́ ikùn oyin náà. Òdòdó ìyeyè ilẹ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì, ó sì máa ń wà ní ìdì kékeré lórí igi tí ó dùbúlẹ̀ tàbí tí ó gbé orí díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ sábà jẹ́ elésè àlùkò tí kò kun púpọ̀, ṣùgbọ́n ní àwọn òkè Ozark, ní Missouri, Arkansas àti Oklahoma, irú kan wà nínú ẹ̀yà yìí kan náà tí òdòdó rẹ̀ funfun, tí ó kàn fi àlùkò kun orí ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ ṣe ìdájọ́ yóò pín ẹ̀yà kan sí méjì níbẹ̀, yóò sì tún pa ẹ̀yà méjì pọ̀ mọ́ ọ̀kan níbòmíràn.

Ibòmíràn náà ni ọ̀rọ̀ Oxytropis lambertii. Ìdílé ọ̀tọ̀ ni Oxytropis, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ Astragalus ju ìdílé èyíkéyìí mìíràn lọ lórí pápá náà, òdòdó rẹ̀ jẹ́ àlùkò tí ó pọ́n dáadáa, ó sì lóró fún ẹran ọ̀sìn. Ọ̀nà tí ó dájú jù láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí a fi èékánná fa àsíá sẹ́yìn, kí a yọ ìyẹ́ méjèèjì kúrò, kí a sì wo orí ọkọ̀. Lára Astragalus, orí ọkọ̀ náà yí bìrìkìtì, ó kún, kò sì ní ṣóńṣó tí ó yọ jáde. Lára Oxytropis, ẹnu kékeré mímú kan yọ jáde ní orí ọkọ̀ náà gan-an, tí kò ju mílímítà kan tàbí méjì lọ, tí ènìyàn lè má rí bí kò bá gbé òdòdó náà sójú oòrùn. Ẹnu mímú tín-ín-tín yìí ni àmì tí ó yà ìdílé kan sí èkejì. Ìyàtọ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni pé igi tí ó gbé òdòdó Oxytropis lambertii dìde tààrà láti ilẹ̀ láìní ewé kankan lára, tí gbogbo ewé sì ṣù jọ sídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyeyè ilẹ̀ ní igi gidi tí ó nà lórí ilẹ̀, tí ewé sì wà lára rẹ̀ láti ìdí dé orí.

Lẹ́yìn òdòdó, irun ni ó kàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ibẹ̀, nítorí pé irun ẹ̀yìn ewé kò ṣeé wò láìsí awò tí ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí iṣẹ́ tí awò kékeré yẹn ń ṣe tí ó níyì tó èyí. Lára ìyeyè ilẹ̀, irun kọ̀ọ̀kan fi ìdí rẹ̀ so mọ́ awọ ewé bí irun orí ènìyàn ti so mọ́ agbárí. Lára Astragalus missouriensis, tí òun náà ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ, tí òun náà ń fi òdòdó àlùkò ṣe ẹwà ní ìgbà ìrúwé, àárín ni irun ti so mọ́ ewé, tí orí rẹ̀ méjèèjì fi na ọwọ́ sí ìhà ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n sì tẹ́ mọ́ ara ewé tó bẹ́ẹ̀ tí ewéko náà fi ń dán bíi fàdákà. Bí a bá fi orí abẹ́rẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan irun bẹ́ẹ̀ lábẹ́ awò, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò yí pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ọ̀dá tàbí òjò tí ó lè yí àmì yìí padà. Òdòdó lè ṣá, ewéko lè kéré tàbí kí ó tóbi gẹ́gẹ́ bí ọdún bá ti rí, màlúù lè ti jẹ igi rẹ̀ dé ìdajì, irun yóò ṣì wà bí ó ti wà.

Síbẹ̀, èso ni adájọ́. Ní Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹfà, èso ìyeyè ilẹ̀ á ti wú, á nípọn, á sì ṣùpọ̀ lórí ilẹ̀ ní ìparí igi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìhà tí oòrùn ń ràn sí yóò pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún, tí ìhà tí ó kọjú sí ilẹ̀ yóò sì wà ní tútù. Èso tí ó ní omi nínú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ìdílé tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ń so èso gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń la ẹnu bí èèpo ẹ̀wà. Bí a bá fi ọ̀bẹ là á ní ìbú, èèpo rẹ̀ nípọn, ó sì kún fún omi, ògiri kan sì dá inú rẹ̀ sí yàrá méjì, tí irúgbìn dúdú wẹ́wẹ́ wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pẹ́, omi náà á gbẹ, èèpo á di ohun fífúyẹ́ bí èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ìgò, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú. Ara èso náà ń dán, kò ní irun. Àmì ìkẹyìn yìí ni ó yà á kúrò lára Astragalus plattensis, ẹ̀yà tí òun náà ń so èso oníṣùpọ̀ ẹlẹ́ran ní Nebraska àti Kansas, ṣùgbọ́n tí èso tirẹ̀ kún fún irun múlọ́múlọ́ tí ọwọ́ lè mọ̀ kí ojú tó rí i. Láìsí èso, àwọn méjèèjì lè rú ènìyàn lójú pátápátá. Bí èso bá ti dé, ọmọdé lè yà wọ́n.

Àwọn onílẹ̀ pápá náà ti mọ èso yìí tipẹ́ kí Nuttall tó dé. Nínú ìròyìn tí Melvin Gilmore tẹ̀ jáde ní ọdún 1919 lórí bí àwọn ẹ̀yà ènìyàn tí ó ń gbé agbègbè odò Missouri ṣe ń lo ewéko, ó kọ ọ́ pé àwọn ará Dakota máa ń jẹ ẹ́ ní tútù láti fi pa òùngbẹ, orúkọ tí wọ́n fún un sì fi hàn pé oúnjẹ ẹfọ̀n ni wọ́n kà á sí. Ó tún kọ ọ́ pé àwọn ará Omaha àti Ponca máa ń kó o sínú omi pẹ̀lú irúgbìn àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn, pé bí àgbàdo bá ti rin tó, wọn á kó o lọ gbìn, wọn á sì da èso náà nù, láìní àlàyé mìíràn ju pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn ti ń ṣe. Àṣà náà bá àsìkò mu gẹ́lẹ́, nítorí pé ìgbà tí èso yìí ń tóbi ni ìgbà àgbàdo gbígbìn ní agbègbè náà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò nílò awò. Wọ́n mọ òkè tí ó ti ń hù, wọ́n mọ oṣù rẹ̀, wọ́n sì ti rí i láti kékeré ní ipò gbogbo tí ó lè wà, láti ewé dé èso gbígbẹ. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti ẹni tí ó rí òdòdó kan ní ọjọ́ kan lọ.

Ohun tí ó mú kí àṣìṣe léwu ni ohun tí ó wà nínú àwọn ìbátan rẹ̀. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn darandaran ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti ń rí ẹṣin àti màlúù tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó ń rù, tí ó sì ń wo ibi tí kò sí ohun kan bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n di ẹ̀bi ru Oxytropis lambertii àti Astragalus mollissimus, èyí tí ewé rẹ̀ ní irun bí òwú. Wọn kò parọ́. Ní ọdún 1982 ni àwọn onímọ̀ rí oró tí ó fa á nínú àwọn ewéko náà, orúkọ rẹ̀ ni swainsonine. Ó ń dí èròjà kan lọ́wọ́ nínú ara ẹran, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú irú ṣúgà kan palẹ̀, tí ṣúgà náà fi ń kún inú sẹ́ẹ̀lì títí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ á fi bàjẹ́. Ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e sì fi hàn pé ewéko kọ́ ni ó ń pèsè oró yìí fúnra rẹ̀, bí kò ṣe irú olú tín-ín-tín kan tí ó ń gbé inú rẹ̀. Oró mìíràn tún wà. Astragalus bisulcatus, ewéko gíga tí òdòdó àlùkò rẹ̀ ń dorí kodò, máa ń fa èròjà selenium jọ láti inú ilẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì dára. Nítorí náà, jíjẹ èso Astragalus kankan lórí àwòrán tàbí lórí ìméfò jẹ́ ìwà tí kò bójú mu rárá, kì í sì í ṣe ohun tí onímọ̀ kankan gbọ́dọ̀ fún ènìyàn láyè láti ṣe.

Ẹni tí ó mú ètò wọ inú ìdílé ńlá yìí ní Amẹ́ríkà ni Rupert Barneby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ewéko, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Ọgbà Ewéko New York. Ní ọdún 1964 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí gbogbo Astragalus Amẹ́ríkà ti Àríwá jáde ní apá méjì. Iṣẹ́ náà dá lórí ewéko gbígbẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ bébà, tí wọ́n kọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n já wọn sí ẹ̀gbẹ́ wọn, tí ó wà nípamọ́ ní ilé ìpamọ́ ewéko káàkiri, ó sì tún dá lórí ìrìn àjò rẹ̀ lórí àwọn òkè àti aṣálẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n nínú ìwé náà ni bí ó ṣe fi èso ṣíwájú nínú ìdájọ́ rẹ̀: bí èso ṣe so rọ̀, bí èèpo rẹ̀ ṣe rí, iye yàrá inú rẹ̀, àti bóyá ó ń já bọ́ tàbí ó ń dúró lórí igi.

Ìtẹjúmọ́ bẹ́ẹ̀ ní èrè. Ní Rutherford County ní ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí òkúta ẹfun ti yọ síta tí erùpẹ̀ kò sì ju ìbò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, ewéko kan wà tí ó jọ ìyeyè ilẹ̀ púpọ̀, tí èso rẹ̀ ń dán tí ó sì ń pọ́n. Barneby àti Edwin Bridges fi hàn ní ọdún 1987 pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni, wọ́n sì pè é ní Astragalus bibullatus. Ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, Astragalus tennessensis, ní irun lára èso. Nígbà tí ó di ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ka Astragalus bibullatus mọ́ àwọn ewéko tí ó wà nínú ewu píparun. Bí kì í bá ṣe pé a yà á sọ́tọ̀, kò sí òfin tí ì bá dáàbò bò ó, nítorí pé òfin kò lè dáàbò bo ohun tí kò ní orúkọ.

Lóde òní, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ya àwòrán òdòdó kan láti òkè, ẹ̀rọ á sì dá wọn lóhùn pẹ̀lú orúkọ kan. Ẹ̀rọ náà wúlò, ó lè mú ènìyàn dé ẹbí àti ìdílé, ṣùgbọ́n kò lè rí irun tí àwòrán kò mú, kò sì lè rí èso tí kò tíì so. Ẹni tí ó bá pàdé òdòdó bí ti ìyeyè ilẹ̀ lórí òkè gbígbẹ, kí ó ya àwòrán ọkọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ó ya ẹ̀yìn ewé láti ìtòsí, kí ó ya ibi tí igi ti yọ láti ilẹ̀, kí ó sì kọ irú ilẹ̀ àti ọjọ́ sílẹ̀. Kí ó má fà á tu, nítorí pé gbòǹgbò tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wọlẹ̀ kò ní í hù padà níbòmíràn. Bí èso kò bá sì tíì sí, kí ó kọ Astragalus nìkan sílẹ̀ láìfi orúkọ ẹ̀yà kún un, kí ó sì padà lọ síbẹ̀ ní Oṣù Kẹfà.